Ìrora Àrùn Jẹjẹrẹ àti Wàhálà Oògùn Rẹ̀: Àgbéyẹ̀wò láti Ìlú Warri

Àwọn baba wa máa ń wí pé títa ríro ni à ń kọlà, bí ó bá jinná tán, a di ohun ọ̀ṣọ́. Òwe yìí sì ti ran ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ láti fara da ìyà tí ó ní òpin, bí ìrọbí aboyún tàbí ojú ọgbẹ́ iṣẹ́ abẹ. Ṣùgbọ́n ìrora kan wà tí kò ní ọ̀ṣọ́ kankan lẹ́yìn, tí kì í jinná bí ó ti wù kí a fara dà á tó, tí ó sì jẹ́ pé bí a ti ń fara dà á náà ni ó ń jẹ agbára tí ó yẹ kí aláìsàn fi bá àrùn jà: èyíinì ni ìrora àrùn jẹjẹrẹ. Ẹni tí ó bá fi òwe ilà kíkọ tu irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ nínú, bí ó tilẹ̀ ṣe é tìfẹ́tìfẹ́, ohun tí ó ń wí fún un ni pé kí ó panu mọ́. Bẹ́ẹ̀ àwọn baba wa kan náà ni wọ́n sọ pé ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Warri ni mo ti ń kọ̀wé yìí, Ìwẹrẹ olómi, ìlú Ginuwa ọmọ ọba Ìbíní, ibi tí Ìṣẹ̀kírì, Urhobo àti Ijaw ti jọ ń ná ọjà kan, tí àwọn Ìlàjẹ, ìbátan wa etí òkun, sì ń gbé ẹja gbígbẹ wá tà láti ayébáyé. Ìlú tí a kọ́ ilé ìfọpo sí láti ọdún 1978 ni, ìlú tí kò mọ òṣì lójú. Síbẹ̀, ènìyàn lè rìn láti Igbudu dé oríta Effurun, kí ó máa ti inú kẹ́míìsì kan bọ́ sí òmíràn, kí ó má rí ẹ̀kán morphine, oògùn tí gbogbo ayé mọ̀ sí olórí apàrora, rà fún ìyá rẹ̀ tí jẹjẹrẹ ti wọ eegun rẹ̀. Àwọn tí ń ṣírò àrùn yìí fún Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé ní ọdún 2022, ènìyàn 127,763 ni jẹjẹrẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ní Nàìjíríà, pé 79,542 sì kú nípa rẹ̀. Ènìyàn tí ó bá ro iye àwọn tí ó kú yìí, kí ó ro alẹ́ tí ó ṣáájú ikú wọn pẹ̀lú, nítorí nínú alẹ́ wọ̀nyẹn ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ wà. Mo gbà gbọ́ pé àìsí oògùn nìkan kọ́ ni ó ń fi àwọn ènìyàn wa sínú oró. Ìbẹ̀rù ohun tí oògùn yóò ṣe ni igi kejì tí ó dábùú ọ̀nà, ìbẹ̀rù náà sì ń sanra lójoojúmọ́ nítorí pé a kì í sọ fún aláìsàn ṣáájú ohun tí oògùn náà yóò fi ara rẹ̀ ṣe, a kì í sì í fún un ní ohun tí yóò fi gbà á dúró. Pípa ìrora àti ṣíṣọ́ wàhálà oògùn, iṣẹ́ kan náà ni. Ẹni tí ó bá ṣe ọ̀kan tí ó fi èkejì sílẹ̀ kò tíì ṣe nǹkan kan.

Ìrora jẹjẹrẹ kì í ṣe oríṣi kan. Èyí tí ó wà nínú ẹran ara a máa wúwo, aláìsàn a sì lè fi ọwọ́ kan ojú ibẹ̀ gan-an. Èyí tí ó wọ eegun a máa jẹ ènìyàn lóru, a sì máa peléke nígbà tí ó bá fẹ́ yí ẹ̀gbẹ́ padà. Èyí tí ó bá àwọn iṣan tí ń gbé ìmọ̀lára kiri ara jà a máa jóni, a máa ta gìrì láti èjìká dé ọmọ ìka. Èyí tí ó wà nínú ìfun a máa lọ́ni, a sì máa mú èébì dání. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí oògùn tí ó pa ọ̀kan lè máà fọwọ́ kan èkejì. Oògùn bí ibuprofen tàbí diclofenac a máa ran ìrora eegun lọ́wọ́ dáadáa, kò sì níí fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan fún iṣan tí ń jó. Amitriptyline, tí a mọ̀ sí oògùn ìbànújẹ́ ọkàn, ni a máa ń lò ní ìwọ̀n kékeré lálẹ́ fún iṣan. Bí kókó bá sì wú tí ó ń tẹ nǹkan mọ́lẹ̀, dexamethasone ni í fa wíwú náà wálẹ̀. Nítorí náà, dókítà tí kò bi aláìsàn léèrè bí ìrora rẹ̀ ti rí, bí kò ṣe ibi tí ó wà nìkan, ìdajì iṣẹ́ ni ó ṣe.

Cicely Saunders, obìnrin ará Ìlú Ọba tí ó ti ṣe nọ́ọ̀sì kí ó tó lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, ni ó la ojú ayé sí apá mìíràn nínú ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí ó dá ilé ìtọ́jú St Christopher sílẹ̀ ní London ní ọdún 1967. Ó kọ́ni pé ìrora ẹni tí àrùn rẹ̀ ti wọra kì í mọ sí ara nìkan, pé ó wà nínú ọkàn, ó wà nínú ilé, ó wà nínú ìgbàgbọ́ ẹni pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí Warri: obìnrin tí ó ń ro owó ilé ìwé ọmọ, tí ó ń ro gbèsè àjọ tí ó ti kó jẹ, tí àwọn ará ilé sì ń bi í lábẹ́lẹ̀ bóyá ó ṣẹ ẹnì kan láyé, báwo ni abẹ́rẹ́ kan ṣe lè dá mú irú oró bẹ́ẹ̀ rọlẹ̀? Ìyẹn kò wá ní kí a má fún un ní abẹ́rẹ́. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń fi ẹ̀kọ́ obìnrin yìí ṣe àwáwí, tí wọ́n ń fi àdúrà àti ìtùnú dípò oògùn. Àdúrà dára, ìtùnú dára, ṣùgbọ́n ẹni tí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ń jó kò lè gbọ́ àdúrà délẹ̀.

Ìṣòro kan tí ó jẹ́ tiwa gan-an ni pé ìrora kì í hàn lójú àwọn ènìyàn wa. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí a mọ̀. Nínú yàrá kan ní Okumagba ni mo ti rí ìyá Ìlàjẹ kan tí ó ti fi ẹja yíyan tọ́ ọmọ rẹ̀ dàgbà, tí jẹjẹrẹ ọmú rẹ̀ sì ti dé eegun ìbàdí. Bí àlejò bá wọlé, yóò jókòó, yóò tún gèlè rẹ̀ wé, yóò béèrè aya, yóò béèrè ọmọ. Ìgbà tí àlejò bá jáde ni yóò tó fi eyín di ìṣẹ́tí aṣọ mú. Nọ́ọ̀sì kan wá wò ó, ó kúnlẹ̀ kí i, ó ní, “Màmá, ẹ kú ìnira. Báwo lara yín lónìí?” Ìyá dáhùn pé, “A dúpẹ́, ọmọ mi.” Bí ó bá jẹ́ pé nọ́ọ̀sì náà kọ èyí sínú ìwé ni, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó ní, “Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n pè é báyìí: ọwọ́ tí a dì, kò sí ìrora rárá, ìka kan, díẹ̀, ìka márààrún, èyí tí ènìyàn kò lè gbé mọ́. Ìka mélòó ni ti òru àná?” Ìyá wo ẹnu ọ̀nà bóyá ọmọ rẹ̀ obìnrin wà nítòsí, ó na ìka mẹ́rin, nígbà tí ó ṣe díẹ̀, ó yọ àtàǹpàkò náà kún un.

Ìlànà fífi ìka ọwọ́ díwọ̀n ìrora yìí wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà láàárín àwọn tí ń ṣe ìtọ́jú ìrọ̀rùn, èyí tí ń mú ara tu ẹni tí àrùn rẹ̀ ti wọra, ó sì rọrùn ju pípe nọ́ńbà láti òdo dé mẹ́wàá fún ẹni tí kò ka ìwé. Kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ohun tí ó ń béèrè ni kí a máa bi aláìsàn léèrè lójoojúmọ́, kí a sì gba ohun tí ó bá sọ gbọ́, nítorí ohun tí ó ń dunni ni í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, kò sì sí ẹ̀rọ kan tí ó lè wo ìrora nínú ara ẹlòmíràn.

Nígbà tí a bá ti mọ bí ìrora ti tó, ọ̀nà tí a ó gbà pa á kò fara sin. Ní ọdún 1986 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìlànà kan jáde tí ó pín oògùn ìrora sí ìpele mẹ́ta: fún èyí tí kò le, paracetamol tàbí àwọn ẹgbẹ́ ibuprofen, fún èyí tí ó le díẹ̀, irú oògùn bí codeine, fún èyí tí ó le gan-an, morphine. Nígbà tí wọ́n tún ìlànà náà gbé yẹ̀ wò ní ọdún 2018, wọ́n sọ ọ́ di mímọ̀ pé kò pọn dandan kí ẹni tí ó wà nínú oró ńlá kọ́kọ́ gba ìsàlẹ̀ kọjá. Bí ìrora bá ti jẹ́ ìka márùn-ún, morphine ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun méjì nínú ìlànà ọdún 1986 kò yí padà, àwọn méjèèjì náà ni a sì máa ń ṣì ṣe jù lọ nílẹ̀ wa. Àkọ́kọ́ ni pé kí a gba oògùn náà lẹ́nu bí ó bá ti ṣeé ṣe, kì í ṣe kí a máa wá abẹ́rẹ́ kiri bí ẹni pé ohun tí kò gún ni lára kò lè jẹ́. Èkejì ni pé kí a máa lò ó ní wákàtí tí a dá, kí ìrora tó padà dé. Morphine olómi, bí àpẹẹrẹ, wákàtí mẹ́rin mẹ́rin ni agbára rẹ̀ máa ń tó. Aláìsàn tí ó bá dúró títí ara yóò fi ta á kí ó tó bèèrè oògùn yóò lo oògùn púpọ̀, yóò sì jẹ ìyà púpọ̀, nítorí ìrora tí ó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ṣòro í lé ju èyí tí a kò gbà láyè wọlé.

Mo gbọ́dọ̀ sọ nípa abẹ́rẹ́ pentazocine, tí a mọ̀ sí Fortwin káàkiri ilé ìwòsàn wa, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí oògùn ìrora tí ó lágbára. Ó wúlò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ fún ọjọ́ díẹ̀. Fún ìrora jẹjẹrẹ tí ó wà níbẹ̀ lọ́sàn-án lóru, kò yẹ: agbára rẹ̀ kì í pẹ́, ó ní ibi tí ó dé tí kò lè kọjá bí a tilẹ̀ fi kún un, ó sì máa ń mú kí àwọn mìíràn máa rí ìran, kí ọkàn wọn máa dàrú.

Morphine fúnra rẹ̀, oje òdòdó ni. Sertürner, ọ̀dọ́mọkùnrin apòògùn kan ní Jámánì, ni ó yọ ọ́ láti inú oje náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Àdéhùn àgbáyé ti ọdún 1961, tí ó fi òfin de irú oògùn wọ̀nyí, sọ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ pé kò sí ohun tí a lè fi rọ́pò wọn fún pípa ìrora, pé kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan sì rí i dájú pé wọ́n wà fún àwọn aláìsàn. Apá tí ó de oògùn ni àwọn ìjọba wa mú ṣinṣin. Apá tí ó ní kí wọ́n pèsè rẹ̀ ni wọ́n gbàgbé. Ní ọdún 2017, ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé kalẹ̀ ṣírò rẹ̀ pé bí a bá pín gbogbo oògùn irú morphine tí ń dé Nàìjíríà lọ́dún kan fún àwọn tí ìyà ńlá ń jẹ, ohun tí yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan kò ju mìlígíráàmù 0.8 lọ. Ní Uganda, mìlígíráàmù 53 ni; ní Kánádà, ó lé ní 68,000. Kí òǹkàwé lè mọ ohun tí 0.8 jẹ́: mìlígíráàmù 5 ni a sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀ fún àgbàlagbà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ṣíbí àkọ́kọ́. Ìpín ọdún kan gbáko fún ọmọ Nàìjíríà kò tó ìdá márùn-ún ṣíbí yẹn.

Uganda kì í ṣe ilẹ̀ olówó jù wá lọ. Anne Merriman, dókítà obìnrin tí ó ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ nílẹ̀ wa níbí, ni ó dá Hospice Africa sílẹ̀ ní Kampala ní ọdún 1993. Ó fi hàn pé a lè ra ìyẹ̀fun morphine, kí a pò ó mọ́ omi nínú ìgò, kí aláìsàn sì máa mu ún nílé ara rẹ̀ ní owó tí kò tó nǹkan. Ní tiwa, Arábìnrin Olusola Fatunmbi ti bẹ̀rẹ̀ Hospice Nigeria ní Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ní Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olaitan Soyannwo, onímọ̀ oògùn akunnilóorun ní ilé ìwòsàn UCH, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ibùdó ìtọ́jú ìrọ̀rùn sílẹ̀, wọ́n sì ń kọ́ nọ́ọ̀sì àti dókítà bí a ti ń lo morphine olómi láìbẹ̀rù. Àwọn wọ̀nyí ni ọmọ tí ó ṣeé fi yangàn. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn jìnnà sí Warri, ìjọba àpapọ̀ nìkan ni ó sì ń kó ojúlówó oògùn yìí wọlé, tí àwọn ilé ìwòsàn yóò ti wá a lọ sí Èkó. Bí ilé ìwòsàn kan kò bá rán ènìyàn, tàbí tí ìwé rẹ̀ kò pé, àwọn aláìsàn rẹ̀ ni yóò san án.

Ìdí tí gbogbo rẹ̀ fi le tó bẹ́ẹ̀ kò ṣòro í mọ̀ fún ẹni tí ń gbé ìlú yìí. Ìdí ọkọ̀ ni a ti ń rí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí tramadol ti sọ dìdàkudà, tí wọ́n ń fi ògógóró, tí a ń pè ní omi Sapele, ṣàn án sí ọ̀fun. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2018 ni ìjọba fòfin de oògùn ikọ́ olómi tí codeine wà nínú rẹ̀, lẹ́yìn tí gbogbo ayé ti rí i lórí tẹlifíṣọ̀n bí àwọn ọ̀dọ́ ti ń mu ún. Ọ̀ràn ńlá ni, n kò sì fojú kékeré wo iṣẹ́ NDLEA, àjọ tí ń gbógun ti oògùn olóró, rárá. Ṣùgbọ́n a kì í tìtorí gbígbó pa ajá, a kì í sì í tìtorí kíkàn pa àgbò. Ẹni tí ń lo morphine fún ìrora jẹjẹrẹ, lábẹ́ ojú ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, kì í sábà di ẹrú rẹ̀. Ara rẹ̀ a mọ́ ọn lára lóòótọ́, tí ó fi jẹ́ pé bí a óò bá dá a dúró, díẹ̀díẹ̀ ni a ó máa dín in kù, ṣùgbọ́n èyí yàtọ̀ sí kí ọkàn máa pòùngbẹ oògùn títí tí ènìyàn yóò fi jalè nítorí rẹ̀. Mo ti gbọ́ lẹ́nu ọmọ kan tí ó fi morphine tí wọ́n fún bàbá rẹ̀ pamọ́ sínú àpótí, nítorí pé kò fẹ́ kí bàbá náà “di ọmọ ìta”. Ẹni ọdún 71 ni bàbá yìí, kò sì lè rìn dé ẹnu ọ̀nà.

Ní báyìí, mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ gbé wà. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n; bẹ́ẹ̀ ni ìpalára morphine rí, nítorí gbogbo rẹ̀ ni a mọ̀ ṣáájú. Ó máa ń gan ìgbẹ́ mọ́ ènìyàn nínú, èyí kì í sì í lọ bí ó ti wù kí oògùn náà pẹ́ lára tó. Nítorí náà, ọjọ́ tí a bá fún aláìsàn ní ìgò morphine ni kí a ti fún un ní senna tàbí bisacodyl tàbí lactulose, kí ó sì máa lò ó lójoojúmọ́, kì í ṣe ìgbà tí inú bá ti le bí òkúta tán. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé mo mọ̀ pé àwọn tí ó ju morphine nù sábà máa ń jù ú nù nítorí ìgbẹ́, ojú sì máa ń tì wọ́n láti sọ ọ́. Èébì a máa wá fún ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, metoclopramide a sì máa dá a dúró; lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó sábà máa ń lọ. Oorun a máa kùn ún fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, àwọn ará ilé a sì máa bẹ̀rù pé oògùn fẹ́ pa á, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé ẹni tí kò sùn fún oṣù kan ni ó ń san gbèsè oorun. Ohun tí ó léwu yàtọ̀: ẹni tí a pè tí kò jí, tí èémí rẹ̀ ń fà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí ọmọlójú rẹ̀ di bíńtín, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, nítorí oògùn wà tí ń tú u sílẹ̀. Èyí ṣọ̀wọ́n fún ẹni tí a fi kún oògùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó wọ́pọ̀ fún ẹni tí ó pò ó mọ́ ọtí tàbí oògùn oorun, ó sì lè bá ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti rẹ̀.

Àwọn oògùn tí a kò bẹ̀rù rárá ni ó yẹ kí a máa bẹ̀rù díẹ̀. Diclofenac tí a ń rà ní ẹ̀bá ọ̀nà bí ẹni ra gúgúrú a máa dá egbò sínú ikùn, a máa ba kíndìnrín jẹ́, pàápàá lára ẹni tí ń gba cisplatin tàbí ẹni tí èébì ti fa omi ara rẹ̀ gbẹ. Paracetamol ẹlẹ́ẹ̀dẹ́gbẹ̀ta mìlígíráàmù kò gbọdọ̀ ju mẹ́jọ lọ láàárín ọjọ́ kan fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, kí ó sì dín fún ẹni tí ó ti rù tàbí tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń ṣàìsàn; ẹni tí ó sì ń lo oògùn òtútù pẹ̀lú lè máa gbé e mì lọ́nà méjì láìmọ̀.

Oògùn tí ń bá jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀ jà, èyí tí a ń pè ní kẹ́mò, ni ó ní wàhálà tí ó gbòòrò jù, ibẹ̀ ni bí ìyà ńlá bá gbéni ṣánlẹ̀ tán, kéékèèké a máa gorí ẹni. Èébì ni a mọ̀ jù. Ìgbà kan wà tí kò sí ohun tí a lè fi dá a dúró. Lónìí, ondansetron àti dexamethasone, bí a bá lò wọ́n kí kẹ́mò tó wọlé sí iṣan, tí a sì máa bá a lọ fún ọjọ́ bí mélòó kan, a máa gba ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹni tí wọ́n kọ oògùn èébì fún kò gbọdọ̀ torí owó fi í sílẹ̀ pé òun yóò fara dà á. Doxorubicin a máa sọ ìtọ̀ di pupa fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ẹ̀rù ìtọ̀ pupa yìí ti lé kúrò lẹ́nu ìtọ́jú, tí gbólóhùn kan láti ẹnu nọ́ọ̀sì ì bá ti gbà là. Irun a máa já, a sì máa hù padà. Ẹnu a máa là, tí ata kò níí ṣeé fẹnu kàn. Ní ìlú tí wọ́n ti ń fi ọbẹ̀ ata gbígbóná kí àlejò, ìyà ni fún aláìsàn kí ó máa wo ọbẹ̀ ẹyìn. Kí a se ọbẹ̀ náà láìsí ata, kí a fi sítáàṣì rírọ̀ jẹ ẹ́ ní lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí ó sì máa fi omi tí a fi iyọ̀ díẹ̀ sí yọ ẹnu lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń pa àwọn ènìyàn wa jù nínú gbogbo wàhálà kẹ́mò ni ibà. Láàárín nǹkan bí ọjọ́ keje sí ìkẹrìnlá lẹ́yìn tí ènìyàn bá gba kẹ́mò, àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a máa dín kù, kòkòrò tí kì í ṣe nǹkan kan fún ẹlòmíràn a sì lè pa á láàárín ọjọ́ kan. Bí ara bá gbóná tó ìwọ̀n 38 nígbà yẹn, ilé ìwòsàn ni, lóru tàbí lọ́sàn-án, kí wọ́n lè fún un ní oògùn apakòkòrò láti inú iṣan. Ní Warri, níbi tí ẹ̀fọn ti pọ̀ tí gbogbo ibà sì ń jẹ́ ibà ẹ̀fọn, ohun tí a máa ń ṣe ni pé kí a rán ọmọ lọ sí kẹ́míìsì lọ ra oògùn ibà, kí a da aṣọ bo aláìsàn, kí a sì máa wo ilẹ̀ tí yóò mọ́. Bí ènìyàn bá ń gba kẹ́mò, kí ilé rẹ̀ ra ìwọ̀n ìgbóná ara kan, kí wọ́n kọ nọ́ńbà ilé ìwòsàn sára ògiri, kí wọ́n sì gbàgbé pé ibà ẹ̀fọn wà títí dókítà yóò fi sọ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá lè mú kí ìdílé kan ṣoṣo ṣe èyí, n kò kọ̀wé yìí lásán.

Ẹ̀yìn èyí ni kíkú tipiri ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tí paclitaxel, cisplatin àti vincristine ń mú wá, tí obìnrin tí ń họ ìpẹ́ ẹja kò fi ní mọ̀ pé ọ̀bẹ ti gé òun. Kí ó sọ fún dókítà rẹ̀ ní kíákíá, nítorí a lè dín oògùn náà kù kí iṣan tó bàjẹ́ pátápátá. Bí a bá pẹ́, ó lè máà padà mọ́.

Ti àgbo ńkọ́? Ẹni tí ó bá bú ewé kò mọ ìtàn ìṣègùn, nítorí vincristine tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ, inú òdòdó kékeré aláwọ̀ osùn tí àwọn kan ń gbìn síwájú ilé ni wọ́n ti rí i, inú òdòdó mìíràn sì ni morphine ti wá. Bí oògùn kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ni kò pé. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a má fi àgbo pamọ́ fún dókítà. Ẹ̀dọ̀ kan náà ni yóò lọ gbogbo rẹ̀, àgbo tí a sì rẹ sínú ògógóró, pẹ̀lú paracetamol àti kẹ́mò lórí rẹ̀, ẹrù tí ẹ̀dọ̀ tí ó ń ṣàìsàn kò lè rù ni. Dókítà tí ó bá sì ń jágbe mọ́ aláìsàn nítorí àgbo, òun ni ó kọ́ ọ bí a ti ń purọ́.

Ohun tí ó kù ni ọ̀nà. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì ìpínlẹ̀ Delta wà ní Oghara, lójú ọ̀nà Benin. UBTH, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Benin, sì wà ní Benin fúnra rẹ̀, nǹkan bí kìlómítà 100 sí wa. Ohun méjì ni kò gbọdọ̀ dúró de ọjọ́ tí owó yóò pé. Èkíní ni ẹ̀yìn tí ń dun aláìsàn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wá ń rọ, tàbí tí kò mọ ìgbà tí ó ń tọ̀ mọ́: kókó lè ti máa tẹ ọ̀pá ẹ̀yìn, bí a kò bá sì tọ́jú rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì, ó lè máà rìn mọ́. Èkejì ni ìrora eegun tí ó wà lójú kan, nítorí ìtànṣán tí ń jó kókó, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ní ìwọ̀n 8 Gy, ti tó láti mú ìrora náà rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kò pọn dandan kí aláìsàn máa lọ máa bọ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lójú ọ̀nà tí kò dára. Kí ìdílé béèrè fún èyí láti ẹnu wọn, nítorí a kì í sábà sọ fún wọn pé ó wà.

Ṣùgbọ́n ìyá tí ó wà ní etí odò lẹ́yìn Ogbe-Ijoh, tí ọkọ̀ ojú omi nìkan lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò ní rí dókítà lọ́sẹ̀ yìí, kò sì ní rí i lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀. Nọ́ọ̀sì ni yóò rí, bí ó bá rí ẹnikẹ́ni. Uganda yí òfin rẹ̀ padà ní ọdún 2004 kí nọ́ọ̀sì tí a ti kọ́ nípa ìtọ́jú ìrọ̀rùn lè kọ morphine olómi fún aláìsàn fúnra rẹ̀. Ní tiwa, dókítà ni a ṣì ń dúró dè. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí oògùn abẹ́ òfin ti wà láti ọdún 2017, ètò ìlera alájọsan ti ìpínlẹ̀ Delta náà sì ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kan náà. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kò ní láti dá ohun tuntun sílẹ̀: kí wọ́n gba nọ́ọ̀sì tí ó ti kọ́ṣẹ́ láyè, kí wọ́n fi morphine olómi àti senna sínú ìwé oògùn tí ètò alájọsan ń san owó rẹ̀, kí wọ́n sì fi ìgò kọ̀ọ̀kan sábẹ́ àgádágodo ní ilé ìlera kan ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìwé tí a ó máa kọ gbogbo ẹ̀kán rẹ̀ sí.